Ẹni Tó Ń Lu Ògiri ní Adelphi

Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá bi mí bí Amẹ́ríkà ṣe rí ni mo ń dá lóhùn pé ó mọ́, ó tutù, búrẹ́dì wọn dùn bíi kéèkì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Tíṣà ò yí padà. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ tán. Ohun tí mo fi pamọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ti gbọ́ tirẹ̀, kò sì sí ìdí tí màá fi máa bò ó mọ́ ẹ̀yin yòókù lójú.

Bàbá Làmídì ló rán mi. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ògiri kan ló pín ilé rẹ̀ àti tèmi. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ lọ sógun Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, òun nìkan ló sì padà. Ọmọdé ni mí nígbà tó mú fìlà bàbá mi wá fún ìyá mi. Láti ìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ ogun bá ti délẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń béèrè. Ogun ti ń jó ayé fún ohun tó lé ní ọdún méjì kí Amẹ́ríkà tó dìde. Ṣé wọn ò gbọ́ ni, àbí wọ́n gbọ́? Ó gbà pé ká ní wọ́n tètè dìde ni, iná náà ì bá ti kú kó tó ràn dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá mi ì bá sì padà wálé.

Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di tíṣà ìtàn. Ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ogun àgbáyé méjèèjì: bí Amẹ́ríkà ṣe bá wọn ja èkíní tán, tó padà sílé tó ti ilẹ̀kùn, bó ṣe kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ láti máa parí ìjà, bó ṣe ṣòfin pé òun kò ní dá sí ìjà ẹnikẹ́ni mọ́. Òwe kan ni mo máa ń fi là á yé wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà á sì rò pé mo ti parí iṣẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 1995, àbúrò mi obìnrin, Síkírá, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, ní kí n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ní ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀ pamọ́ sí kò jìnnà sí ilé òun rárá. Bàbá Làmídì gbọ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ó ní, "Ìwọ ni o máa bá mi bi wọ́n. Má pẹ́ jù, torí mi ò fẹ́ gbé ìbéèrè yìí wọ sàréè."

Ilé tí wọn kì í kí èèyàn

Aṣọ iṣẹ́ ni Síkírá fi wá pàdé mi. Kò kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Ẹ má bínú, orókún mi ti kú. Dọ́bù shift ni mo ti ń bọ̀." Ojú rẹ̀ ti rù. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ nípa ìkúnlẹ̀ yẹn, n kò purọ́. Inú mi máa ń tètè bàjẹ́, ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá dé ibẹ̀.

Adelphi ló ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ bíi ti ilé-ìtura. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ti kí èèyàn mẹ́ta. Ẹnì kan mi orí. Ẹnì kejì ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹta wò mí títí bí ẹni pé mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Síkírá, ṣé àwọn ará ilé yìí ń bínú sí ọ ni?"

"Wọn ò bínú o. Wọn ò mọ̀ mí ni."

"Ọdún mélòó lo ti wà níbí?"

"Mẹ́sàn-án," ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.

Ọjọ́ ìsinmi ló máa ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, á bù ú sínú ike, á kó o sí fìríìsà, á lẹ bébà mọ́ ọn lórí: Mọ́ńdè, Túsìdeè, títí dé ọjọ́ Jímọ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń jẹ ẹ́ lórí tábìlì onígíláàsì, torí nígbà tí mo bá ń jẹun, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó bá dé, oorun ló máa ń jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì. Bí wọ́n bá fóònù, wọn á ní, "Hi Uncle," ohun tó kù á sì di ti ìyá wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, ní mọ́ṣáláṣí, ni mo máa ń gbọ́ orúkọ ara mi lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Èkó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìrun bá ti parí, kálukú á sáré wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé èèyàn lè máa yán hànhàn fún aládùúgbò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Èmi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fóònù ilé. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń bá ẹni tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀: bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn á ṣe ga tó. Mo pariwo títí orúkọ gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ mi fi tán. Àfi gbà-gbà-gbà lórí àjà. Mo dìde, mo wò yíká. Nílé tí mo dàgbà sí, bí ìyá mi bá fẹ́ iná, yóò lu ògiri. Bó bá fẹ́ iyọ̀, yóò lu ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ tó bí Síkírá gan-an, ògiri ló lù tí ìyàwó Bàbá Làmídì fi sáré dé. Nítorí náà mo ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ gòkè lọ bi wọ́n pé kí ló dé.

Síkírá fà mí wọlé padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ má dán ìyẹn wò. Wọ́n á pe police. Bí wọ́n bá ti lu àjà tàbí ògiri, ariwo yín ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ kàn dákẹ́. Mind your business, gbogbo òfin ibí ò ju ìyẹn lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá ni mí.

Lẹ́tà àwọn ìyá

Ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ìjọba náà, lẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ń gbà kí èèyàn mú wọlé, kò sí yíǹkì, kò sí báàgì. Gbogbo wa á jókòó sí yàrá kan tó tóbi bíi pápá, kálukú pẹ̀lú àpótí ìwé tirẹ̀, a ò ní wo ojú ara wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ o" ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó fi ìka sí ètè.

Ìdáhùn líle ni mo wá wá, èyí tí màá fi dá àwọn aláṣẹ wọn lẹ́bi níwájú Bàbá Làmídì. Mo rí ìwé àwọn aláṣẹ náà. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tí àwọn èèyàn kéékèèké kọ sí ìjọba ni wọ́n kó ìdààmú bá mi. Àwọn àgbẹ̀ kọ, àwọn tíṣà kọ, àwọn ìyá ló kọ jù. Wọ́n ní ogun ìṣáájú ti gba ọkọ lọ́wọ́ àwọn, kí ìjọba jọ̀wọ́ má jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ gba ọmọ. Ìwé àwọn kan kún fún àṣìkọ. Ìyá mi ì bá kọ irú ẹ̀, ká ní ó mọ̀wé. Ó di ọjọ́ tí mo da àpótí padà kí àkókò tó tó, torí mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Hawkins

Ọkùnrin kan péré ló máa ń dá mi lóhùn nínú ilé alájà mẹ́ta yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Hawkins ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ àti ti Síkírá fara kan ara wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Fort Washington lọ́hùn-ún. Nídìí àpótí lẹ́tà ni mo ti kí i. Ó dúró, ó ní, "Ìwọ lo ni rédíò yẹn?"

Rédíò kékeré ni mo gbé láti ilé, tí mo fi ń wá ìròyìn Nàìjíríà láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, màá dín in kù." Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni mò ń kọ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan nípa rédíò mọ́, ó ní kí n wá jẹun lọ́jọ́ Sunday.

Ẹ̀fọ́ kan báyìí ló sè, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì kóró díẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo. Mo gbé ṣíbí, ó bi mí bí mo bá ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní rárá, Mùsùlùmí ni mí. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó dín ẹyin fún mi. Ní ọjọ́ Sunday kejì, tòlótòló yíyan ló fi se ẹ̀fọ́ náà. Mi ò rojọ́, mi ò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ṣe é ni, mo sì ń wo bó ṣe ń rọra bu oúnjẹ, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti se oúnjẹ fún ẹlòmíràn.

Mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Mo pa òwe kòkòrò búburú náà, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí.

Ó ní, "Bàbá tèmi lọ sọ fún wọn. Faransé ni wọ́n gbé e lọ nínú ogun àkọ́kọ́, ẹrù ló ń já nínú ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi mú un dé ibi tí gáàsì olóró wà. Òun ló padà wá ń wúkọ́. Ọmọdé ni mí, ikọ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká sùn. Kí ni òwe rẹ wí sí ìyẹn?"

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀, òun ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ìyá mi búra pé kò sí ogun tó tún kan ilé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ítálì wọ Etiópíà, òun kan náà ló ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Ìjọba ní kò kan àwọn. Ìyá mi ní ó kan òun, ṣùgbọ́n òun ò ní fún wọn lọ́mọ." Ó tún bu ẹ̀fọ́ sí i fún mi. "Obìnrin kan náà ni o. Jẹun."

Mo gbádùn ọkùnrin náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń retí ọjọ́ Sunday bí ọmọ ilé-ìwé.

Yìnyín

Ní oṣù kìíní ọdún, yìnyín bọ́ títí ó fi bo àwọn mọ́tò mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ilé àkójọ ìwé náà pa. Síkírá fóònù láti ilé-ìwòsàn pé kò sí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ibẹ̀ lòun máa sùn. Mo dá nìkan wà. Bí mo bá wo ojú fèrèsé, funfun. Bí mo bá gbọ́, kò sí ohùn kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan rédíò sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé.

Ògiri dún. Gbà, gbà, gbà. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Hawkins ni.

Mo yí rédíò wálẹ̀. Ó tún dún. Mo pa á pátápátá. Mo jókòó, ara mi gbóná fún ìtìjú. Ó tún dún, ó rọ díẹ̀. Èmi tí mo ti pa rédíò. Kí ló tún kù? Ṣé kí n má mí ni? Mo yọ́ kẹ́lẹ́ wọ inú yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú sì bí mi gidigidi. Ọkùnrin tí mo jẹun nínú abọ́ rẹ̀, tó mọ̀ pé mo dá wà. Mo ní òun náà ò yàtọ̀ sí wọn. Títí ọjọ́ yẹn fi lọ, ó ń lu ògiri náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dì í sínú. Ọ̀rọ̀ líle tí màá sọ fún un lọ́jọ́ Sunday ni mo ń tò lọ́kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni Síkírá wọlé, yìnyín kún bàtà rẹ̀. Ó bá mi nídìí tábìlì, rédíò dákẹ́.

"Ẹ ò gbọ́ ìròyìn lónìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò fẹ́. Ó ń lu ògiri mọ́ mi láti àná."

Ó dúró. "Mr. Hawkins? Ó ń lu ògiri?"

"Mo ti pa rédíò fún un."

"Nígbà tí ẹ pa á, ṣé ó dáwọ́ dúró?"

Mo ní, "Rárá." Ẹnu mi ni mo ti gbọ́ ọ, kó tó yé mi.

Síkírá ti ju báàgì sílẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gbẹ́ni Hawkins, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì kan ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń mójú tó ilé fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, a bá Ọ̀gbẹ́ni Hawkins nílẹ̀, nídìí ògiri. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń fi lu ògiri. Ó ń mí.

Ohun tó sọ

Ọjọ́ kẹta tó dé ilé-ìwòsàn ni wọ́n gbà kí n rí i. Mo ti to Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, Gẹ̀ẹ́sì fò lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú. Síkírá ló ń ṣàlàyé fún un pé mi ò ṣàìsàn, pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Hawkins ní kí n dìde. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ.

Ó ní, "Mo fẹ́ràn rédíò yẹn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà nílé. Mo lu ògiri. Ìgbà tí o pa rédíò ni mo mọ̀ pé o gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, mo sunkún lójú àwọn àjèjì.

Mo ní, "Mo rò pé ẹ ń bá mi wí ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìbàdí kò jẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sì sọ pé òun ò dárí jì mí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lọ sí Fort Washington. Mi ò rí i mọ́. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kan ṣoṣo, mo bá wọn gbé àga tí mo máa ń jókòó sí. Oṣù kan tó kù fún mi níbẹ̀, mo ń tan rédíò lójoojúmọ́, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀yọ́

Bàbá Làmídì ṣì wà láyé. Mo bá a lórí ẹní níwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti lọ tán, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ṣé wọn ò gbọ́ ni, àbí wọ́n gbọ́?"

Mo ní, "Wọ́n gbọ́, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

Ìwé àkọsílẹ̀ tó kún fún òfin wọn wà lọ́wọ́ mi, àti lẹ́tà àwọn ìyá tí mo dà kọ. Mi ò ṣí i. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Hawkins ni mo sọ fún un, láti orí ẹ̀fọ́ tòlótòló dé orí bàtà ẹsẹ̀ kan. Mi ò yọ ìbínú mi kúrò níbẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe yọ́ kẹ́lẹ́ wọ yàrá.

Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

Ó ní, "Ìwọ náà?"

"Èmi náà, Bàbá."

Kò tún béèrè nǹkan kan. Ó ní kí n lọ sinmi, ìrìn-àjò ti mú mi. Mo mú un dé iyàrá rẹ̀, mo wọ ilé tèmi, mo ń bọ́ bàtà. Mo ti bọ́ ẹsẹ̀ kan nígbà tí ògiri dún. Gbà, gbà, gbà.

Èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo já wọ iyàrá rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Kò sí," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wá ni."